Ìwé Tí A Kà Sókè Kì Í Kú

Ẹni tí ó ra iyọ̀ ti mọ adùn rẹ̀. Ẹni tí ó ra ìwé tuntun kò tí ì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni a ṣe ń yin olùtàwé tí ó ń júwe ìwé rere fún oníbàárà, tí ó sì ń pe òǹkọ̀wé wá kà á sí etí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn.

Ní 1938 ni C.M.S. gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. D. O. Fágúnwà tí ó kọ ọ́ kú ní 1963, ṣùgbọ́n ìwé náà kò kú, nítorí àwọn tí ó mọ̀wé kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Bí àwọn ọmọ wa kò bá gbọ́ kí a ka Yorùbá nínú ilé, ta ni yóò ra ìwé Yorùbá lọ́la? Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìtàwé, kí ẹ bi olùtàwé léèrè, kí ẹ sì ka èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn àdúrà alẹ́.