Àfòpiná Jọra, Oúnjẹ Wọn Kò Jọra

Bí ewé àgbàdo bá ti lu káàkiri, ohun tí gbogbo wa máa ń wí ni pé kòkòrò ti dé. Ṣùgbọ́n kòkòrò wo ni? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè náwó oògùn lásán.

Àfòpiná tó ń fò wá sídìí àtùpà lálẹ́ ni ìyá àwọn kòkòrò yìí. Ẹbí kan ni wọ́n. Spodoptera ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́ bí ọmọ ogun, a sì máa jẹ koríko, àgbàdo àti ìrẹsì. Òmíràn fẹ́ràn òwú, tòmátì àti ẹ̀fọ́. Ẹ̀kẹta, fall armyworm, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ó sì ti di ọ̀tá ńlá fún àgbàdo.

Àlejò yìí pàápàá pín sí ìran méjì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan fẹ́ràn àgbàdo, èkejì fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n jogún nínú ara ni ìyàtọ̀ wà. Ti àgbàdo tètè ń gùn lálẹ́, ti ìrẹsì di òru. Nítorí náà wọn kì í sábà pàdé, wọ́n sì ń jìnnà síra wọn díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n lè bímọ pọ̀: lára ọ̀pọ̀ tí a yẹ̀ wò ní Áfíríkà, àmì ìran méjèèjì ló wà. Kí ẹni tó gbin ìrẹsì sí àkùrọ̀ má ṣe fọkàn balẹ̀ pé ti alágbàdo nìkan ni.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ wo iwájú orí kòkòrò náà: ilà tó rí bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò wà níbẹ̀. Lẹ́bàá ìdí rẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin tò bí igun mẹ́rin àpótí. Inú ọ̀mùnú àgbàdo ló ń sá sí, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì dà bíi lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn dà sílẹ̀.

Ẹ máa yẹ oko wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìgbà tí àgbàdo bá ti hù. Ẹyin rẹ̀ máa ń wà lójú kan lára ewé, bíi 100 sí 200, tí irun wẹ́wẹ́ bò ó. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Bí oògùn bá di dandan, ẹ fín in sínú ọ̀mùnú ní kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kòkòrò ṣì kéré. Bó bá ti dàgbà tó sì wọ inú lọ, agbára káká ni oògùn fi lè bá a.