ÒṢÙPÁ KỌ́ NI Ó GBA OÚNJẸ LẸ́NU TÁLÁKÀ

Nígbàkígbà tí ìròhìn bá dé pé orílẹ̀-èdè kan ti rán ọkọ̀ lọ sí ojú sánmà, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ìbáà ṣe ní yàrá àwọn olùkọ́, ìbáà ṣe ní ìpàdé ẹgbẹ́: "Ebi ń pa ará ilé, wọ́n ń náwó sí òṣùpá!" Àwa kò fi ojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀; àánú ni ó mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ ti inú àánú wá, ọ̀tọ̀ ni kí ó jẹ́ òtítọ́. Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù, kí a sì lo ìtàn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ja ìjà yìí ní gbangba.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 1969, nígbà tí ó ku ọ̀la kí ọkọ̀ Apollo 11 gbéra ní Cape Kennedy, ìpínlẹ̀ Florida, Àlùfáà Ralph Abernathy kó àwọn tálákà lẹ́yìn lọ sí ẹnu ibodè ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbaaka tí ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Abernathy yìí ni ó gba ipò Martin Luther King lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa King ní oṣù Kẹrin ọdún 1968. Thomas Paine, olórí NASA, èyíinì ni àjọ tí ń ṣe àkóso ìrìn-àjò ojú sánmà fún ìjọba Amẹ́ríkà, jáde wá pàdé wọn. Abernathy wí fún un pé ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará ìlú kò rí oúnjẹ, aṣọ, ilé àti ìtọ́jú tí ó tó, ó sì bèèrè pé kí a lo irú owó àti ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láti bọ́ wọn. Ìdáhùn Paine ni pé bí ó bá jẹ́ pé àìrán ọkọ̀ náà lọ ni yóò mú ìṣẹ́ kúrò nílẹ̀, àwọn kì bá tí rán an. Ó sì fún díẹ̀ nínú wọn láyè láti wo ọkọ̀ náà bí ó ti ń gbéra. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá.

Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó jàre? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò dá ẹjọ́ yìí fún wa.

Kò tí ì pé ogún ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí òṣùpá tí Ààrẹ Richard Nixon fi bọ́ sí orí tẹlifíṣọ̀n, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, tí ó sì gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí ìjọba máa rí i dájú pé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tí kò ní owó kankan ní 1,600 dọ́là lọ́dọọdún. A óò máa pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní owó ìgbẹ́mìíró nínú àròkọ yìí. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú fọwọ́ sí i ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ni ó bàjẹ́ sí. Wọ́n tún gbé e wá, ó sì kú pátápátá ní ọdún 1972. Àwọn arúgbó, àwọn afọ́jú àti àwọn aláàbọ̀ ara nìkan ni òfin ọdún náà rántí. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1970, wọ́n fagi lé díẹ̀ nínú àwọn ìrìn-àjò òṣùpá tí ó kù, nítorí pé wọ́n fẹ́ dín owó kù. Apollo 17, tí ó lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, ni ó gbẹ̀yìn. Èyí já sí pé nínú ọdún kan ṣoṣo, ọkọ̀ òṣùpá dúró, owó ìgbẹ́mìíró sì kú. Ohun tí àwọn kan bèèrè fún ti ṣẹlẹ̀: a kò náwó sí òṣùpá mọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a yọ lọ́hùn-ún kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé tálákà.

Níbi yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Owó tí a kò ná sí ohun kan kì í di oúnjẹ fúnra rẹ̀. Òfin ni ó ń gbé owó dé ọ̀dọ̀ tálákà, òfin náà sì ní láti rí àwọn tí yóò jà fún un. Gbogbo ètò Apollo gba nǹkan bí bílíọ̀nù 25 dọ́là. Ogun Vietnam, tí ó ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò kan náà, gbà ju bílíọ̀nù 100 lọ. Lónìí, nínú 100 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá ná, kò tó ààbọ̀ dọ́là tí ó ń kan NASA. Ẹni tí ó bá ń wá olè tí ó kó oúnjẹ tálákà, tí ó wá tẹjú mọ́ òṣùpá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni olè náà yóò gbà kọjá.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àwa náà ní òwe tiwa: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá sì ń sunkún, a máa ń ríran. Sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ àkọ́kọ́, TIROS-1, gòkè ní ọdún 1960. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń gbé etí òkun ti ń gbọ́ pé ìjì ń bọ̀ kí ó tó dé. Tálákà tí ilé rẹ̀ kò lágbára ni irú ìròhìn bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà là.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ pípín yìí di kánjúkánjú ni ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, tí Linus Pauling, Gunnar Myrdal àti Bayard Rustin wà lára wọn, kọ̀wé sí Ààrẹ Lyndon Johnson pé ẹ̀rọ yóò máa mú ọrọ̀ jáde láìlo ọwọ́ ènìyàn, nítorí náà kí owó tí ènìyàn fi ń jẹun má ṣe so mọ́ iṣẹ́ nìkan mọ́. King náà bèèrè fún owó ìgbẹ́mìíró nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn dáhùn ní ọdún 1966 pé ẹ̀rọ ń pa iṣẹ́ kan rẹ́ ni, kì í pa gbogbo iṣẹ́ rẹ́; síbẹ̀, àwọn náà dámọ̀ràn owó ìgbẹ́mìíró. Ìgbìmọ̀ náà kò ṣìnà: iṣẹ́ kò tán ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ń ká òwú léèrè. Kí ó tó di ọdún 1970, ẹ̀rọ ni ó ń ká fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òwú ilẹ̀ náà, àìmọye àwọn ènìyàn dúdú Gúúsù ni wọ́n sì ti kó ẹrù wọn lọ sí àwọn ìlú ńlá Àríwá. Títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ṣì ń da iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń bèèrè owó tí ó tó àti ààbò lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Dorothy Vaughan, obìnrin dúdú, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Virginia kí ó tó lọ sí ilé ìwádìí Langley ní ọdún 1943. Ọwọ́ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ìṣirò, orúkọ tí a sì ń pè wọ́n nígbà náà ni kọ̀ǹpútà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà onírin dé, Vaughan kò jókòó kí ó máa sunkún. Ó kọ́ èdè ẹ̀rọ náà, tí í ṣe FORTRAN, ó sì kọ́ àwọn obìnrin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò bọ́, wọ́n sì bá wọn ṣe ìṣirò ojú sánmà. Ẹ̀kọ́ ni ó gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ àwọn tí ń ká òwú ní Mississippi? Àwọn tí ó rí ẹni kọ́ wọn kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀rọ bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpín nínú ohun tí ẹ̀rọ náà bá kórè.

Irú ìpín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá. Ní ọdún 1976, àwọn ará Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi sínú òfin wọn pé kí a máa fi apá kan owó epo rọ̀bì pamọ́. Láti ọdún 1982, tí olúkúlùkù gba 1,000 dọ́là, àtọmọdé àtàgbà ni wọ́n ti ń gba ìpín tiwọn lọ́dọọdún. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú owó bẹ́ẹ̀ yóò sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, nítorí pé ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń yá lò. Ìjọba Finland dán an wò ní ọdún 2017 àti 2018. Wọ́n ń fún 2,000 ènìyàn tí kò níṣẹ́ ní 560 owó Yúróò lóṣooṣù. Àwọn wọ̀nyí kò di ọ̀lẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọkàn wọn sì balẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, sátẹ́láìtì Nàìjíríà àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 13 dọ́là, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ya àwòrán ilẹ̀, kí a lè mọ ibi tí omíyalé àti ọ̀dá bá ti ń jà. Àwọn kan pariwo pé kí a fi owó náà kọ́ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1958 ni a ti ń ta epo rọ̀bì sí òkè òkun, owó rẹ̀ sì ju ti sátẹ́láìtì lọ bí òkun ti ju ìkòkò omi lọ. Síbẹ̀, kò sí òfin kan tí ó fún ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ bí ti àwọn ará Alaska. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a gbé ariwo wa lọ.

Kì í ṣe pé a ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Abernathy kò dákẹ́, kò sì yẹ kí ó dákẹ́: ìlú tí ó bá lè dé òṣùpá kò ní àwáwí kankan mọ́ lórí ebi. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹni tí ẹ ó bi. Bí òṣèlú kan bá wá sí àdúgbò yín, tí ó ní kí a fi sátẹ́láìtì sílẹ̀ kí a lè rí owó fún tálákà, ẹ má ṣe kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ bi í léèrè òfin tí yóò gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ tálákà, iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí yóò gbé òfin náà wá sí iwájú ìgbìmọ̀. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.