Ẹ Ní Kí Ọkọ Dúró Níta Díẹ̀

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà tí ẹ wà láàrin wa, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí lónìí.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ ohùn Osinachi Nwachukwu, akọrin ìhìnrere. Ó kú ní Àbújá ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ikú náà. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ a máa wá sílé ìwòsàn. Yóò ní òun ṣubú ní balùwẹ̀ ni, wọn a sì di ojú ọgbẹ́ fún un, ó di ilé.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2013 kò ní kí a da ìbéèrè bo gbogbo obìnrin. Ó ní kí a bèèrè níbi tí àmì bá wà: ọgbẹ́ tí àlàyé kò bá mu, ara ríro tí a kò rí ìdí rẹ̀, aláboyún tó pẹ́ kó tó wá forúkọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ òtítọ́ lójú ẹni tó ń lù ú? Ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní òun nìkan. Kí ọkọ dúró níta, kí ìyá ọkọ náà dúró. Ẹ má sì fi ìbátan ṣe ògbufọ̀. Kí ẹ wá rọra bi í pé: “Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ń lù yín nílé? Ṣé ẹ̀rù ọkọ yín ń bà yín?” Bó bá ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀; ó ti mọ ẹni tó lè bá sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Bó bá sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ má bi í pé, “Kí lo ṣe fún un?” (Ìbéèrè yìí kì í jìnnà sẹ́nu àwa onígbàgbọ́.) Èyí tó yẹ nìyí: “Ṣé lílù náà ti ń le sí i láti oṣù 6 sẹ́yìn? Ṣé ó ti fún yín lọ́rùn rí? Ṣé ó lù yín nínú oyún? Ṣé ẹ rò pé ó lè pa yín?” Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó padà sílé láìjẹ́ pé ẹ ti bá a wá ibi ààbò.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ náà sínú káàdì tó ń gbé lọ sílé. Ọkọ lè kà á. Ẹ má sì pe ọkọ wá parí ìjà.

Ní Èkó, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní DSVA ń gba irú ẹjọ́ yìí. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ẹ tọ́ ọ sí Mirabel Centre ní LASUTH, Ìkẹjà, tó ti wà láti 2013. Kó tètè lọ o: oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.