Gwagwalada: Ìlú tí Òfin Sọ Di Ńlá

Ìṣúra inú ilẹ̀ ni ó máa ń sọ ìletò mìíràn di ìlú. Ní ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú inú ilẹ̀ nítòsí Udi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní 1915, àwọn òṣìṣẹ́ ti ọ̀nà jíjìn wá, Enugu sì gbilẹ̀. Ti Gwagwalada yàtọ̀. Kì í ṣe èédú ni ó pe èrò wá síbẹ̀, òfin ni.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed fi òfin dá Àgbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀. Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà kó lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ìjọba gbà kí ẹni tí ó bá wù dúró. Ìdí nìyí tí àwọn Gbagyi, tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari, àti àwọn Bassa, fi ń dáko ní Gwagwalada títí di òní.

Ìwọ̀-oòrùn gúúsù ìlú Abuja ni Gwagwalada wà, lójú ọ̀nà tí ó ti Zuba lọ sí Lokoja. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní àgbègbè náà. Odò Usuma ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú, ó wọ inú Gurara, Gurara sì wọ inú Odò Ọya. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀; bí ó bá pọ̀ jù, Usuma a kún bo bèbè rẹ̀, a sì bá àwọn tí ó kọ́lé sí ìtòsí rẹ̀ nínú yàrá.

Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn tí ó lé ní 157,000 ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, nínú 1,406,239 tí ó wà ní gbogbo àgbègbè olú-ìlú. Yunifásítì Abuja, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ fa èrò wá. Owó ilé tí ó wọ́n ní àárín Abuja lé àwọn mìíràn wá: wọ́n ń sùn ní Gwagwalada, wọ́n sì ń jí ní kùtùkùtù wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn: oníṣòwò, olùkọ́, aránṣọ àti mẹkáníìkì.

Láti 2006, wọn kò tíì ka ènìyàn mọ́ ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n fi sí 2023 ni wọ́n sún síwájú. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ohun kan wà láti rò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sáré lọ sí ìlú baba wọn kí wọ́n lè kà wọ́n níbẹ̀. Lóòótọ́, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé Gwagwalada, omi Gwagwalada ni ó ń mu. Bí wọ́n bá ka ọmọ rẹ̀ mọ́ Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni yóò ṣírò àga tí ọmọ náà yóò fi jókòó ní ilé ìwé Kutunku, tàbí ibùsùn tí yóò fi dùbúlẹ̀ bí àìsàn bá dé? Kíkà tí a kà ọ́ sí ibi tí o ń gbé kò sọ ọ́ di ọmọ àlè ní ilé baba rẹ.