Ẹni tí ó ń sá eré ìje, tí ó sì ní ilé láti tọ́jú

Eré sísá kì í ṣe ti ọmọ ilé-ìwé nìkan. Kì í sì í ṣe ti àwọn tí ó ń gba owó nídìí rẹ̀ nìkan. Àgbàlagbà tí ó ní iṣẹ́, tí ó ní ọkọ tàbí aya, tí ó sì ní ọmọ, lè sá eré ìje. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ní láti kọ́kọ́ dáhùn: nígbà wo ni yóò sáré, ta ni yóò sì ṣe iṣẹ́ ilé?

Ẹ jẹ́ kí a fi Ọ̀fàdà àti àwọn ìlú tí ó wà ní agbègbè rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ọ̀fàdà, àwọn ènìyàn ń gbin ìrẹsì. Ní Mowe àti Ibafo, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jí ní ìdájí láti wọ mọ́tò lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Alẹ́ ni wọ́n ń padà. Ní Ifo, tí ó wà lójú irin Èkó sí Abẹ́òkúta, ọjà títà ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọjọ́. Nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ṣètò ọjọ́ rẹ̀ dáadáa lè rí àyè sáré.

Eré wo ni a lè bá wọn sá?

Eré ńlá ti ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 1916 kọ́ o. Ọdún 2016 ni. Kò tíì pẹ́ rárá. Ó gùn ju 42 kìlómítà lọ. Ṣùgbọ́n eré kúkúrú ti 10 kìlómítà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fún àwọn tí kò fi eré ṣe iṣẹ́. Ní Okpekpe, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, eré 10 kìlómítà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Òkè pọ̀ lójú ọ̀nà tiwọn.

Báwo ni 10 kìlómítà ti jìnnà tó? Ẹni tí ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ yóò lo bíi wákàtí méjì kí ó tó rìn ín tán. Ẹni tí ó ń rọra sáré lè lo wákàtí kan àti díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí apá àgbàlagbà kò ká, bí ó bá fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀.

Ara kan náà ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́

Báwo ni eré ṣe ń fún ara ní agbára? Bí a bá sáré, ó ń rẹ ara. Bí a bá sinmi, tí a sì sùn, ara ń tún ara rẹ̀ ṣe. Yóò wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkàn pẹ̀lú ń kọ́ iṣẹ́. Yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní láti lù kìkìkì mọ́. Nítorí náà, àti eré àti ìsinmi ni ó ń fúnni lágbára. Ẹni tí ó ń sáré lójoojúmọ́ tí kì í sinmi ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Èémí máa ń tètè mọ́ eré lára, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan kì í tètè mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ní oṣù kan sẹ́yìn fi lè máa mí dáadáa, kí ojúgun sì máa dùn ún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ má ṣe fi púpọ̀ kún eré yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ara kò sì mọ òógùn ojú ọ̀nà yàtọ̀ sí òógùn oko. Ẹni tí ó pọn omi ní òwúrọ̀, tí ó ro oko ìrẹsì títí di ọ̀sán, ti ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá tún lọ sá eré líle ní ìrọ̀lẹ́, agbára rẹ̀ kò ní di ìlọ́po méjì. Ìpalára ni yóò bá bọ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí iṣẹ́ ilé tàbí ti oko bá fúyẹ́ ni kí eré le. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá le, kí eré fúyẹ́, tàbí kí ó má sí rárá.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè rí

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan ní Ọ̀fàdà fẹ́ sá 10 kìlómítà. Ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ tó fún un. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó rọra sáré fún 30 ìṣẹ́jú. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ó tún sá 30 ìṣẹ́jú, kí ó sì yára díẹ̀ láàárín rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó sá 50 ìṣẹ́jú jẹ́jẹ́, débi pé ó lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 110 ìṣẹ́jú. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá tí ó le fún 75 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, tàbí èyí tí kò le púpọ̀ fún 150 ìṣẹ́jú, ní ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ó wo àkókò oko pẹ̀lú. Nígbà tí ìrẹsì bá ń gbó, ẹyẹ ń bò ó, a sì ní láti lé wọn láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. Kì í ṣe àkókò láti fi eré kún eré nìyẹn. Ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún ni eré Èkó máa ń wáyé. Bí ìkórè bá parí ní oṣù kọkànlá, oṣù mẹ́ta ṣì wà fún ìmúrasílẹ̀.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ ilé?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọkọ bá lọ sáré ní ìdájí, tí ìyàwó sì ń dá wẹ ọmọ mẹ́ta, ìyàwó ni ó ń san owó eré náà. Bí ìyàwó ni ó ń sáré, tí ọkọ ń fi í yangàn láàárín ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n tí kò lè gbálẹ̀ tàbí kí ó po ògì fún àwọn ọmọ, kò tíì ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pín iṣẹ́ náà kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1948, obìnrin kan láti ilẹ̀ Hólándì, Fanny Blankers-Koen, lọ sí eré Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹni 30 ọdún ni, ó sì ti bí ọmọ méjì. Àwọn kan sọ pé ó ti dàgbà jù, pé kí ó jókòó sílé. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ ní eré.

Ọkùnrin ará Japan kan, Yuki Kawauchi, jẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba títí di ọdún 2019. Nígbà náà, ọ̀sán títí di alẹ́ ni ó máa ń ṣiṣẹ́, nítorí náà òwúrọ̀ ni ó máa ń sáré. Ní ọdún 2018, nínú òjò àti òtútù, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ńlá ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí a ní láti kíyèsí

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá ń kọ́ yín níbi eré, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ẹ má ṣe sáré lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ lo ọ̀nà àdúgbò, ẹ kọjú sí mọ́tò tí ó ń bọ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ funfun bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà dára ní alẹ́ ọjọ́ tí eré ku ọ̀la, nítorí ó ń fún ara ní agbára. Ṣùgbọ́n ẹ dín ata àti epo ọbẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àmujù rẹ̀ kò dára.

Ẹ lo ìwé kíkọ yín

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ ní irin-iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ ohun mẹ́rin sínú rẹ̀: ọjọ́, iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi sáré, iṣẹ́ líle tí ẹ ṣe nílé tàbí lóko, àti iye wákàtí tí ẹ sùn. Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kà á. Bí oorun bá ń dín kù, tí ibì kan náà sì ń dùn yín lẹ́sẹ̀, ẹ dín eré kù. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ ilé wà, ẹ fi ìwé náà han àwọn ará ilé, kí ẹ sì tún iṣẹ́ pín.