KỌ́KỌ́ FI TÌRẸ BOMÚ

Bí o bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí, o ó ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí kí ọkọ̀ tó gbéra: bí ìbòmú bá já wálẹ̀ láti òkè, kọ́kọ́ fi tìrẹ bo imú àti ẹnu, kí o tó ran ọmọ rẹ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í bá ọ̀pọ̀ ìyá lára mu. Abiyamọ wo ni yóò tọ́jú ara rẹ̀ kí ó tó wo ọmọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ ìta fẹ́lẹ́ ju èyí tí ẹ̀dá lè mí lọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá tú jáde lójijì, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 péré ni orí ènìyàn yóò fi ṣì pé. Kì í dunni. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ìyá tí ó ń bá ọmọ tí ń sunkún du okùn ìbòmú lè dákú kí ó tó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi tirẹ̀ bomú yóò lè tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Fa ìbòmú náà wá sọ́dọ̀ ara rẹ kí afẹ́fẹ́ lè wá. Má bẹ̀rù bí àpò rẹ̀ kò bá wú. Jókòó, kí o sì de bẹ́líìtì. Awakọ̀ yóò fi tirẹ̀ bomú, yóò sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kíákíá sí nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí a ti lè mí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú Helios gbéra láti erékùṣù Kípírù, ó ń lọ sí Áténì. Ènìyàn 121 ni ó wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì tí ń darí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kò sí ní ipò tí ó yẹ. Fèrè ìkìlọ̀ dún, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ rò pé ìkìlọ̀ mìíràn ni, nítorí bákan náà ni méjèèjì ń dún. Wọ́n ń wá ohun tí ó bàjẹ́ kiri, wọn kò fi ìbòmú bomú. Ìbòmú àwọn èrò já wálẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tí ó yẹ kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ fi dákú. Ọkọ̀ ń dá fò títí epo fi ń tán, ó sì já lu òkè ní Grammatiko. Kò sí ẹni tí ó yè.

Ẹ̀yin òbí nínú Olúwa, ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Ẹ ń jí àwọn ọmọ fún àdúrà òwúrọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni ìwọ nìkan kúnlẹ̀ kẹ́yìn? Pọ́ọ̀lù jẹ́rìí sí i pé inú Lọ́ìsì ìyá-ńlá Tímótì àti Yùníìsì ìyá rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ náà ti kọ́kọ́ wà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan ni kí o wá ojú Ọlọ́run fún ọkàn tìrẹ. Nítorí ọmọ rẹ ni.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó pe àwọn ọmọ jọ, ya ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwọ àti Olúwa rẹ. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ mí sí wa lọ́tun, ní orúkọ Jésù. Àmín.