Fẹlá, Ìyá Rẹ̀ àti Sójà Àìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lamingo, ní Jos, bí ẹ bá ń gbọ́ àwo ‘Unknown Soldier’ tí Fẹlá Aníkúlápó-Kuti gbé jáde ní 1979, ẹ fetí sílẹ̀ níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Orin náà ní àwọn sójà ni ó pa á.

Lóòótọ́, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, 1977, wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè ilé ní Kàlàkútà, ní Èkó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, 1978 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó dágbére fún ayé. Ohun tí ó gba nǹkan bí oṣù 14, olórin sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ọmọ tí ń ṣọ̀fọ̀ ìyá kì í ka oṣù.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba, tí ó yẹ kí ó kà á, ni ó ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni Fẹlá ti mú orúkọ àwo rẹ̀.